Ọjọ́ Kan n'Ìbàdàn pẹ̀lú Àwọn Ọmọ, Láì Jẹ Gbèsè

Owó ìwọlé ni gbogbo òbí máa ń kọ́kọ́ béèrè tí wọ́n bá fẹ́ kó ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́. Bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ń gbọ́n àpò wọn gbẹ. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ń bẹ, owó oúnjẹ ń bẹ, owó gígun ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń bẹ, owó omi tútù àti áísìkiriìmù sì ń bẹ tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ọn. Bàbá tó bá ka owó ìwọlé nìkan kó tó jáde nílé yóò dé ìdí ẹ̀rọ, ọmọ mẹ́ta yóò dì í lẹ́wù mú, yóò sì máa tún owó ọwọ́ rẹ̀ kà lójú gbogbo èèyàn. Kí aago méjì tó lù, fáàjì ti di "ó tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n mú jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yẹ kó padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìdílé tí owó wọn ní ìwọ̀n lè ṣe é, bí wọ́n bá ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ilé.

Ìlú Ìbàdàn ni orí yìí mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé oríṣiríṣi ibi ìgbafẹ́ wà níbẹ̀ tí kò jìnnà síra, ọkọ̀ ìgboro sì pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà la ó sì máa bá kiri: bàbá, ìyá, ìyá àgbà, àti ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan ọdún méjìlá, ọ̀kan ọdún mẹ́jọ, àbígbẹ̀yìn ọdún mẹ́rin.

Ibo ni kí wọ́n lọ?

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ló dàgbà jù nínú ọgbà mẹ́ta tí a ó yẹ̀ wò. Ọdún 1948, ọdún tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ kí àwọn tó ń kọ́ nípa ẹranko lè fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Ní 1974, ó di ọgbà ẹranko pátápátá. Fún ìdílé tí kò fẹ́ náwó púpọ̀, tí ọmọ wọn sì kéré, ibẹ̀ ló dára jù. Ẹni tó bá ti sanwó lẹ́nu ọ̀nà ti san èyí tó pọ̀ jù: ojú lásán ni wọ́n fi ń wo kìnnìún, ojú náà ni wọ́n fi ń wo ọ̀bọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè dúró ti àgò ọ̀bọ kan fún ìdajì wákàtí láì béèrè ohun kan. Kí òbí ṣáà má jẹ́ kí ọmọ kọjá irin tí wọ́n fi dènà, kí wọ́n má sì na ọwọ́ oúnjẹ sí ẹranko. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, kìnnìún kan pa òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, n'Ífẹ̀. Ẹni tó mọ ẹranko náà dunjú ni, kì í ṣe àlejò.

Ọgbà Agodi, tí kò jìnnà sí Sẹkitéríàtì, ní ìtàn tirẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹranko àti ewéko ni wọ́n sì kó síbẹ̀. Nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980, omi náà gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn n'Ìbàdàn, ó ya wọ inú ọgbà, ó sì gbé lára àwọn ẹranko lọ. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń pe ọdún yẹn ní ọdún Omíyalé. Wọ́n tún ọgbà náà ṣe, wọ́n sì tún ṣí i fún ará ìlú ní 2014. Lónìí, igi tó ní ibòji, adágún omi, odò ìwẹ̀ àti koríko tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sí ló ń pe èèyàn wá síbẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ń bẹ nínú ìrìnàjò náà, tó sì jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó jókòó sọ ìtàn Omíyalé fún àwọn ọmọ. Owó kò sí nídìí ìtàn yẹn, wọn kò sì ní gbàgbé rẹ̀.

Trans Amusement Park ní Bodija ni tàwọn tó fẹ́ ẹ̀rọ: kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè, ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọmọ fi ń kọlu ara wọn, ẹṣin onígi tó ń yí po. Òkìkí ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Noo Saro-Wiwa fi orúkọ rẹ̀ àtijọ́ sínú àkọlé ìwé ìrìnàjò rẹ̀, Looking for Transwonderland, tó jáde ní 2012. Ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ohun tó bá níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú èyí kò mọ sí ọgbà kan ṣoṣo. Ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń gun ẹ̀rọ nílẹ̀ wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ẹ̀rọ mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lónìí? "Èló ni?" ló tẹ̀lé e. Owó pọ́ọ́kú fún ọgbà tí ẹ̀rọ méjì péré ń yí níbẹ̀ ti wọ́n jù.

Ìmọ̀ràn orí yìí ni pé kí wọ́n mú ọgbà kan lójúmọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi ìdajì owó rẹ̀ sọnù sójú títì, àwọn ọmọ yóò sì sùn lọ kí wọ́n tó dé ìkẹta. Bí ọmọ bá kéré, kí wọ́n lọ wo ẹranko. Bí wọ́n bá ti tó ọdún mẹ́jọ sí méjìlá, ẹ̀rọ ni ọkàn wọn fà sí. Fún ìdílé wa ẹlẹ́ni mẹ́fà, tí àbígbẹ̀yìn kéré, tí àgbà sì ń bẹ láàárín wọn, Agodi ló máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní 1936, tí èèyàn ti lè dúró lókè rẹ̀ wo òrùlé páànù Ìbàdàn lọ salalu, dára gan-an, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni tirẹ̀.

Kí wọ́n tó jáde nílé

Owó ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Ẹ̀bibi ọdún 2023, tí lítà epo bẹntiróòlù kan fò kúrò nísàlẹ̀ ₦200 bọ́ sí ohun tó ju ₦480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ kò tíì padà sí ibi tó wà. Ìdílé tó bá ń ti Èkó bọ̀ lè wo ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù ọdún 2021 gùn tó kìlómítà 157, láti Èbúté Mẹ́ta dé ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Kò sí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ nídìí rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀, ohun tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ kékeré mọ iyì rẹ̀. Kí wọ́n béèrè iye tí ọmọdé ń san lọ́tọ̀, kí wọ́n má kàn ra ti àgbà fún gbogbo ilé. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ wo aago ọkọ̀ tí wọn yóò bá padà kí wọ́n tó wo tèyí tí wọn yóò bá lọ, nítorí òun ló máa sọ iye wákàtí tí wọ́n ní n'Ìbàdàn. Mọ́níyà kì í ṣe àárín ìgboro: láti ibẹ̀, Ojóò ni wọn yóò kọ́kọ́ kàn, kí wọ́n tó dé Yunifásítì, lẹ́yìn rẹ̀ Bodija, lẹ́yìn rẹ̀ Sẹkitéríàtì àti Agodi. Owó ọkọ̀ ìgboro yìí ni ọ̀pọ̀ ará Èkó máa ń gbàgbé.

Nínú ìgboro, Máíkírà ni ọkọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́fà pẹ̀lú kúlà oúnjẹ wọn kò lè wọ Máíkírà kan láì fún ara wọn pa. Kórópe, bọ́ọ̀sì kékeré, ló dára kí wọ́n ṣáátà. Kí wọ́n ná owó àlọ nìkan, kí wọ́n má ní kí awakọ̀ dúró dè wọ́n, nítorí pé owó ìdúró lè ju owó ọkọ̀ mìíràn lọ nírọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹnì kan nínú ilé pe ọgbà náà lórí fóònù. Yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n béèrè bóyá ọmọ ọdún mẹ́rin ń sanwó, bóyá àgbà tí kò ní gun nǹkan kan ń san iye kan náà, bóyá owó odò ìwẹ̀ wà nínú owó ìwọlé àbí ó dá dúró. Kí wọ́n béèrè bóyá wọ́n ń gba oúnjẹ wọlé. Kí wọ́n tún béèrè bóyá owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà tàbí tiránsífà, nítorí pé ẹni tó ń ṣe POS lẹ́nu ọgbà mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tí wọ́n fẹ́ lọ, iye tó bá pè ni wọn yóò san.

Ọjọ́ wo ló dára? Ọjọ́ kejì Iléyá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì àti ọjọ́ 27 oṣù Ẹ̀bibi, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ni gbogbo ayé ń lọ. Èrò á pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, ọmọ á tò fún wákàtí kan kó tó gun nǹkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò sí èrò rárá ní ìṣòro tirẹ̀: ẹ̀rọ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ń mu dísù, ẹni tó ni ín kò sì ní tan án fún ọmọ méjì. Ọjọ́ Sátidé lásán, tàbí àárín ọ̀sẹ̀ nígbà ọlidé ńlá, ló wà láàárín méjèèjì. Oṣù Ògún ni orí yìí yàn. Ọlidé ni, òjò sì máa ń sinmi díẹ̀ lákòókò yẹn nílẹ̀ Yorùbá.

Ní ti owó fúnra rẹ̀, kóló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdílé tó bá ń ju ₦300 sínú kóló lójoojúmọ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ yóò ní ₦27,000 nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fi máa gba ọlidé. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ju owó náà fúnra wọn. Ọmọ tó ti ju owó sínú kóló fún oṣù mẹ́ta mọ ohun tí ₦300 jẹ́, kò sì ní sunkún nítorí áísìkiriìmù kejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ́ ọ, kí wọ́n pín owó náà sínú àpò ìwé: ọkọ̀ lọ́tọ̀, ìwọlé lọ́tọ̀, ẹ̀rọ lọ́tọ̀. Kí ìdá kan nínú mẹ́wàá wà lọ́wọ́ ìyá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn àyàfi bí ọmọ bá ṣubú tàbí tí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ́ ti àṣà wa. Bí àwọn ọmọ aládùúgbò bá ti gbọ́, ìyá wọn lè sọ pé, "Ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú tèmi dání." Ohun rere ni. Kí òbí dáhùn kó tó di ọjọ́ náà, kó sì sọ iye tó máa kan ọmọ kọ̀ọ̀kan láì tijú. Àfikún ọmọ méjì láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò ló ń ba ìṣirò jẹ́.

Kúlà

Báàgì píọ̀ wọ́tà kan ní ogún ọ̀rá nínú, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà. Lítà mẹ́wàá nìyẹn fún ẹni mẹ́fà, ó sì ju lítà kan àbọ̀ lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ìyá ju mẹ́wàá nínú rẹ̀ sínú fírísà láti òru ọjọ́ méjì ṣáájú, torí a kò mọ ìgbà tí iná á lọ. Láàárọ̀, kó to àwọn tó ti dì gbagidi sí ìsàlẹ̀ kúlà, kó tẹ́ ìwé ìròyìn lé wọn, kó to zóbò inú ike àti ọsàn lé e, kó sì fi ìyókù omi sí ẹ̀gbẹ́. Yìnyín yẹn ni yóò mú gbogbo ẹrù tutù títí di ọ̀sán. Nígbà tó bá di aago kan tó bá yọ́, òun náà ni omi mímu. Kò sí nǹkan tó ṣòfò.

Oúnjẹ gbígbẹ ni kó pọ̀. Búrẹ́dì, ẹyin sísè, ẹja díndín, ṣinṣín, dòdò tó gbẹ epo dáadáa. Móínmóín ẹlẹ́wé dùn, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ ẹ́ ṣáájú aago méjìlá, torí pé oòrùn kì í dá a sí. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n bá dé mọ́lẹ̀ nígbà tó ń yọ èéfín yóò làágùn sínú, kí ọ̀sán tó pọ́n yóò ti kan. Kí wọ́n kó o sínú fúláàsì oúnjẹ tó lè mú un gbóná gírígírí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ nílé.

Bí ọgbà bá ní àwọn kò gba oúnjẹ wọlé, kí wọ́n má bá ẹ̀ṣọ́ jà. Kí wọ́n jẹun yó kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ tó yó kì í tètè rí ẹni tó ń ta sọ́sééjì.

Tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ

Bí ọgbà tí ìdílé lọ bá ní ẹ̀rọ, ibí yìí ni ọjọ́ náà ti ń dùn tàbí kó bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe ni pé wọ́n á máa sanwó bí ọmọ bá ṣe ń nawọ́ sí ẹ̀rọ, títí owó yóò fi tán lójijì. Ọmọ kò mọ̀ pé owó ní òpin. "Rárá" ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́yìn "bẹ́ẹ̀ ni" mẹ́fà, ẹkún rẹ̀ sì tọ́.

Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí òbí sọ iye ẹ̀rọ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gùn láti ilé. Ká ní mẹ́rin-mẹ́rin ni. Bí wọ́n bá dé inú ọgbà, kí wọ́n má ra nǹkan kan. Kí gbogbo ilé kọ́kọ́ rìn yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wo gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n ka ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́, torí pé ẹ̀rọ méjì lè jọ gba iye kan náà kí ọ̀kan pẹ́ ju èkejì lọ. Kí wọ́n wo bí okùn àti irin ìdènà inú ìjókòó ṣe rí. Èyí tí irin rẹ̀ kò bá pa dé, kí wọ́n kọjá lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ọmọ yàn. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́jọ tó dúró pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wo kẹ̀kẹ́ ńlá, tó ń wo ọkọ̀ tó ń kọlu ara wọn, tó sì ń fi àtàǹpàkò ra etí ìwé náà títí tó fi rọ̀. Kì í ṣe ìyà ló ń jẹ ẹ́. Ohun tó ń ṣe ṣe pàtàkì lójú rẹ̀, bó bá sì yàn tán, yóò gun ohun tó yàn tọkàntara. Kí òbí má bá a yàn, kí wọ́n má sì fi ọ̀kan kún un. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ fún àbúrò ní ọ̀kan nínú tirẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é.

Kí wọ́n ra ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n ra ìyókù nígbà tí wọ́n bá gun èyí tán. Òjò lè rọ̀, jẹnẹrétọ̀ lè kú, kì í sì í rọrùn láti gba owó padà lọ́wọ́ ẹni tó ti jù ú sápò. Bí ayàwòrán bá gbé kámẹ́rà sókè sí wọn, kí wọ́n ná an kó tó tẹ̀ ẹ́. Bàlúùnù sì di ìgbà tí wọ́n bá ń jáde, torí pé èyí tí wọ́n bá rà láàárọ̀ yóò ti bẹ́ kó tó di ọ̀sán, wọn yóò sì tún ra òmíràn.

Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ aláwọ̀ kan náà tó tàn, pupa tàbí yẹ́lò, kí ojú lè tètè rí wọn láàárín èrò. Kí ìyá fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù sí apá àbígbẹ̀yìn. Kí gbogbo wọn mọ igi tí ìyá àgbà tẹ́ ẹní sí abẹ́ rẹ̀: ibẹ̀ ni ẹni tó bá sọnù yóò wá. Létí odò ìwẹ̀, kí àgbà kan wà nítòsí débi tí ọwọ́ rẹ̀ lè kan ọmọ, kó má tẹ fóònù, kó má bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ. Omi kì í pariwo tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ.

Ó yẹ kí wọ́n ti máa palẹ̀ mọ́ ní aago mẹ́rin, kí wọ́n lè dé ojú títì kí ọkọ̀ tó gbówó lórí, kí àwọn tó ń lọ Èkó sì má pàdánù ọkọ̀ ní Mọ́níyà. Àbígbẹ̀yìn á ti máa tòògbé lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá lo orí yìí, kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ná sínú rẹ̀: ti ọkọ̀, ti ẹnu ọ̀nà, ti ẹ̀rọ, títí dórí ti bàlúùnù. Ẹ kọ ẹ̀rọ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn jù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ká ìwé náà, kí ẹ jù ú sínú kóló tuntun, pẹ̀lú ₦300 àkọ́kọ́.